Etí Irin

Àyè kan ṣoṣo ni. Àwọn tó ń du ú jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta.
Èmi ni mo tẹ lẹ́tà wọn jáde sórí bébà,
èmi Innes, tí mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní yàrá ìdánwò irin ní Glasgow,
tí ẹnikẹ́ni kì í pè ní ọ̀mọ̀wé,
àfi akọ̀wé báńkì tó ṣi àdírẹ́sì mi kà.

Ìkéde náà kò gùn:
ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀,
yunifásítì ni yóò san owó ẹ̀kọ́,
yóò sì máa fún ọ lówó oúnjẹ lóṣooṣù.
Wá bá wa wá ìdí
tí irin fi ń sán láìkígbe.

Ebi kì í wọnú kí ìwé tún rí àyè jókòó.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Drummond mọ èyí;
ọdún méjì gbáko ló fi tọrọ owó náà,
ó ń ti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Isobel Mulhearn kò ní èsì tó ń dán.
Ẹni ọdún méjìdínlógójì, ọmọ Greenock,
ó ti fi ọdún mọ́kànlá tún bọ́ọ̀sì ṣe,
ó fi òru gba oyè àkọ́kọ́.
Gírísì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pè é,
kò fi ọwọ́ pamọ́.

Wọ́n ní: "Èéṣe tó fi jẹ́ irin?"
Ó ní: "Bàbá mi fi òòlù lu ìdí ọkọ̀ ojú omi
fún ọdún mẹ́tàlélógún.
Á lù ú, á fetí sí i:
èyí tó yè á dún bí agogo,
èyí tó ti sán nínú á dún bí ìkòkò àlòkù.
Irin gba etí rẹ̀ lówó iṣẹ́.
Bí mo bá pè é báyìí, ògiri ló ń dá mi lóhùn.
Mo fẹ́ mọ ohun tí irin ń sọ
tí etí ènìyàn kò tó gbọ́."

Èmi tí mo gbé tíì wọlé
n kò rántí ẹni tó fẹ́ ṣúgà mọ́.

Lẹ́tà dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ó ṣírò owó náà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì:
owó ilé, owó iná ìgbà òtútù, oògùn bàbá.
Ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí ohun tí bọ́ọ̀sì ń san.
Ó tún un ṣírò; ìṣirò kì í tijú ẹnìkan.
Ó pè mí: "Innes, ṣé ènìyàn lè fi èyí gbé ayé?"
Mo ní: "Àwọn kan ti fi gbé e.
Ọ̀kan nínú wọn ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà.

Ẹ̀rọ ń fa irin, ó ń dẹ̀ ẹ́,
ó ń fà á, ó ń dẹ̀ ẹ́,
ìgbà mílíọ̀nù kan kí oṣù tó parí.
Isobel lẹ nǹkan kékeré kan bí bọ́tìnì mọ́ ọn lára:
etí nìyẹn.
Bí irin bá sán níwọ̀n tí kò tó irun orí,
á fọhùn ju ibi tí etí ajá mọ lọ,
ìlà á sì ta sókè lójú kọ̀ǹpútà bí ẹja.

Oṣù mẹ́rin ló fi kọ àwọn ìlà náà sílẹ̀
kó tó mọ̀ pé ẹ̀rọ agbénigòkè ilé wa ló ń gbọ́.
Oṣù mẹ́rin!
Ó sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.
Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, owó oṣù ṣì wọlé.
Mo rò pé ohun tí owó náà wà fún gan-an nìyẹn:
kí ènìyàn lè ṣìnà, kí ebi má pa á.

Ní oṣù Kẹfà, ó mú bàbá rẹ̀ wá.
Arúgbó náà bọ́ ìbọ̀wọ́,
ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ó dijú.
Ó pẹ́.
Lẹ́yìn náà ó na ìka kan: "Ibí yìí."
Ojú kọ̀ǹpútà dúró jẹ́ẹ́, kò sí ìlà kankan.
Isobel fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Ó ku oṣù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí owó tó tán.
Ẹ̀rọ ń fà, ó ń dẹ̀.
N kò tíì nu ṣọ́ọ̀kì náà.